Oṣù Mẹ́tàdínlógún Ààbọ̀: Ìyá Àjàyí àti Ìgbàgbọ́ tí ń Dàgbà Nínú Ilé

Orúkọ kan wà tí àwọn baba wa fi ń pe ẹni tí ó bá di Kristẹni: onígbàgbọ́. A ti ń pe orúkọ yìí pẹ́ tó bẹ́ẹ̀ tí a kì í dúró yẹ̀ ẹ́ wò mọ́. Bí a bá tú u, ọ̀rọ̀ méjì ni a ó bá nínú rẹ̀: gbà àti gbọ́. Onígbàgbọ́ ni ẹni tí ó gbọ́ ọ̀rọ̀ tí ó sì gbà á. Kò sí ariwo nínú ọ̀rọ̀ méjèèjì yìí, kò sì sí ìkánjú. Ẹni tí yóò gbọ́ ní láti jókòó ti ẹni tí ń sọ̀rọ̀. Ẹni tí yóò gbà ní láti rò ó kí ó tó na ọwọ́.

Bí a bá ń ka ìtàn bí ẹ̀sìn Kristi ṣe dé ilẹ̀ Yorùbá, ọ̀rọ̀ ọkọ̀ ojú omi, ti ọba, ti àdéhùn àti ti bíṣọ́ọ̀bù ni ó máa ń kún ojú ìwé. Òtítọ́ ni gbogbo wọn. Ṣùgbọ́n àwọn ohun wọ̀nyí kò tó láti sọ fún wa bí ìgbàgbọ́ ṣe wọ inú ilé, tí ó fi di ohun tí ìyá fi ń tọ́ ọmọ, tí aládùúgbò fi ń bá aládùúgbò gbé. Nítorí náà ni a ṣe fẹ́ mú ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́ wa àti ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ padà sí ìtàn kan tí ọ̀pọ̀ nínú yín rò pé ẹ ti mọ̀ tán, ìtàn Àjàyí Crowther. A kò ní bẹ̀rẹ̀ láti orí ìtẹ́ bíṣọ́ọ̀bù rẹ̀. Ìyá rẹ̀, Àfàlà, ni a ó fi ṣe òpó ìtàn náà.

Nǹkan bí ọdún 1809 ni a bí Àjàyí sí ìlú Òṣogùn. Orúkọ àmútọ̀runwá ni Àjàyí, gbogbo wa sì mọ irú ọmọ tí a ń sọ ọ́. Ní ọdún 1821 ogun kó Òṣogùn, a sì mú Àfàlà pẹ̀lú ọmọkùnrin náà àti àwọn ọmọbìnrin rẹ̀ méjì. Láìpẹ́ a ya ọmọ nípá lọ́dọ̀ ìyá. Wọ́n fi Àjàyí pààrọ̀ ẹṣin, wọ́n dá a padà, wọ́n sì tún tà á láti ọwọ́ olówò kan dé ọwọ́ òmíràn títí ó fi súnmọ́ etí òkun. Ní ọdún 1837, nígbà tí ó ti di ọkùnrin, ó kọ ọ́ sínú ìwé pé ìbẹ̀rù kí a má baà ta òun fún àwọn Pọtogí mú kí òun gbìyànjú ní òru láti fi ọ̀já ara òun fún ara òun lọ́rùn. Ẹ jẹ́ kí a rántí ọmọ yìí nígbà tí a bá dé ibi tí ó ti di àgbà. Ẹni tí a wá ń pè ní baba ìjọ lẹ́yìnwá ọ̀la jẹ́ ọmọ tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ kọjá ohun tí ọmọdé lè rù.

Ní ọjọ́ 7, oṣù kẹrin, ọdún 1822, ọkọ̀ Pọtogí tí a kó o sí, Esperança Felix, kúrò ní Èkó. Àwọn ọkọ̀ ogun Gẹ̀ẹ́sì tí ń ṣọ́ òkun lé e bá, wọ́n sì gba ẹrú inú rẹ̀. Ní ọjọ́ 17, oṣù kẹfà, ọdún náà, a sọ Àjàyí kalẹ̀ ní Sàró, ní Freetown, láàárín àwọn ènìyàn tí kò mọ̀ rí.

Kí ni ó bá níbẹ̀? Kì í ṣe ìwàásù ńlá ni ohun àkọ́kọ́. Ilé ìwé ni ó bá, pẹ̀lú àwọn tí ó fi sùúrù kọ́ ọ ní álífábẹ́ẹ̀tì, tí wọ́n sì kọ́ ọ ní iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà. Láàárín nǹkan bí oṣù 6, ó ti lè ka Májẹ̀mú Titun. Ọwọ́ kan náà tí ń ṣí ìwé ni ó ń fá pákó. Síbẹ̀, kì í ṣe ọdún yẹn ni ó gba ìrìbọmi, bẹ́ẹ̀ ni kì í ṣe ọdún tí ó tẹ̀ lé e. Ọjọ́ 11, oṣù Kejìlá, ọdún 1825 ni a ṣe ìrìbọmi fún un, tí a sì fún un ní orúkọ Samuel Crowther. Láti ọjọ́ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kan ilẹ̀ Sàró títí di ọjọ́ náà, ó lé ní ọdún 3. Ọ̀pọ̀ òwúrọ̀ àti ọ̀pọ̀ alẹ́ ni ó wà láàárín wọn: kí a jí, kí a lọ sí ibi iṣẹ́, kí a ka ìwé, kí a jẹun pẹ̀lú àwọn tí ogun kó bí tiwa. Ibẹ̀ ni ìgbàgbọ́ rẹ̀ ti dàgbà.

Ní ọdún 1829 ó fẹ́ Asano, tí a sọ ní Susan, ọmọ tí òun náà bọ́ lọ́wọ́ olówò ẹrú tí ó sì di olùkọ́. Àwọn méjèèjì gbé pọ̀ fún nǹkan bí ọdún 50, títí Susan fi kú ní ọdún 1880. Nígbà tí a bá ń ka iṣẹ́ Crowther, ó yẹ kí a ka obìnrin yìí mọ́ ọn, nítorí kò sí ibi tí a rán ọkọ rẹ̀ sí tí ẹrù ilé kò kan òun náà.

A fi Crowther jẹ àlùfáà ní Lọ́ńdọ̀nù ní ọdún 1843. Ní oṣù kìíní ọdún 1845, òun àti Henry Townsend àti Charles Gollmer gúnlẹ̀ sí Àgbádárìgì. Wọ́n fẹ́ lọ sí Abẹ́òkúta, ṣùgbọ́n Ṣódẹkẹ́ tí ó jẹ́ olórí Ẹ̀gbá ti kú, ọ̀nà kò sì ṣí. Ó lé ní ọdún kan àbọ̀ kí wọ́n tó wọ Abẹ́òkúta, ní ọjọ́ 3, oṣù kẹjọ, ọdún 1846.

Ọjọ́ 18 lẹ́yìn èyí ni ohun tí ẹnikẹ́ni kò lè ṣètò ṣẹlẹ̀. Ní ọjọ́ 21, oṣù kẹjọ, Àfàlà dé ẹnu ọ̀nà ọmọ rẹ̀. Ọdún 25 ni wọn kò ti fojú kan ara wọn. Crowther fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ bí ó ti rí sílẹ̀. Ara ìyá náà ń gbọ̀n nígbà tí ó rí i. Wọ́n di ara wọn mú, wọ́n ń wo ojú ara wọn, ọ̀rọ̀ kò sì lè jáde. Omijé ń ṣàn ní ẹ̀rẹ̀kẹ́ ìyá náà. Lẹ́yìn ìgbà pípẹ́ ni ohùn rẹ̀ tó là, tí ó sì bẹ̀rẹ̀ sí pe ọmọ rẹ̀ ní àwọn orúkọ ìkẹ́ tí ìyá àgbà rẹ̀ máa ń pè é nígbà èwe, ìyá àgbà tí ó ti kú sí oko ẹrú.

Ẹ jẹ́ kí a dúró díẹ̀ níhìn-ín. Ọkùnrin yìí ti di àlùfáà. Ó ti dé Lọ́ńdọ̀nù, ó ti ní orúkọ titun méjì, èkíní láti inú Bíbélì, èkejì láti ilẹ̀ òyìnbó. Ṣùgbọ́n ohun tí ó kọ́kọ́ dé etí rẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ni àwọn orúkọ tí a fi ń gẹ̀ ẹ́ ní Òṣogùn. Kò bínú sí wọn, kò sì tijú wọn. Ó kọ ọ́ sílẹ̀ pé òun rántí wọn dáadáa. Kì í ṣe ọmọ nìkan ni ó mú ẹ̀bùn wá sí ilé ní ọjọ́ náà. Ọmọ mú ìhìn tí ó gbà ní Sàró wá. Ìyá mú ìfẹ́ tí ogun kò lè pa wá. Ẹni tí ó bá fẹ́ mọ ibi tí ìjọ ti bẹ̀rẹ̀ láàárín Yorùbá kò gbọdọ̀ gbàgbé pé ìyá ti ní ìfẹ́ kí ọmọ tó dé láti wá wàásù rẹ̀.

A lè rò pé ọjọ́ kejì ni Àfàlà yóò di onígbàgbọ́. Bí ọmọ ẹni tí a ti sunkún rẹ̀ fún ọdún 25 bá padà wá láàyè, kí ni ó lè béèrè tí a kò ní fún un? Ṣùgbọ́n bẹ́ẹ̀ kọ́ ni ó rí. Ọjọ́ 5, oṣù kejì, ọdún 1848 ni a tó ṣe ìrìbọmi fún un. Bí a bá kà á láti ọjọ́ ìpàdé náà, oṣù 17 ààbọ̀ ni. Ó gbọ́, ó rò ó, kí ó tó gbà. Àwọn àgbà wa ní, ohun tí a bá fi ẹ̀sọ̀ mú kì í bàjẹ́. Ọmọ tí ó lò ju ọdún 3 lọ ní Sàró kí ó tó gba ìrìbọmi mọ̀ pé a kì í fa ewé lára igi kí ó lè tètè gùn.

Orúkọ tí a fún ìyá náà ni Hannah. Ẹni tí ó bá ka Bíbélì mọ ìdí rẹ̀: Hánà ni ìyá Sámúẹ́lì. Ohun kékeré kan wà nínú ìtàn Hánà ìgbà àtijọ́ tí a máa ń fò kọjá. Lẹ́yìn tí ó ti fi ọmọ rẹ̀ fún Ọlọ́run, ọdọọdún ni ó ń dá ẹ̀wù kékeré kan tí ó ń gbé lọ fún un ní tẹ́ńpìlì. Ẹ̀jẹ́ rẹ̀ tóbi, ṣùgbọ́n ẹ̀wù ni ó fi ń sọ ọ́ di titun lọ́dọọdún: kí a wọn aṣọ, kí a rán an, kí a ṣírò bí ọmọ yóò ti ga tó ní ọdún yìí. Irú ìfẹ́ bẹ́ẹ̀ kì í dé orí àga ìwàásù, bẹ́ẹ̀ òun ni ó ń gbé ilé ró. Hannah tiwa pẹ́ láyé. Ọdún 1883 ni ó tó kú, nígbà tí ọmọ rẹ̀ ti lo nǹkan bí ọdún 19 lórí oyè bíṣọ́ọ̀bù.

Ilé náà àti ọjà àdúgbò náà ni ilé ẹ̀kọ́ tí Crowther ti kọ́ iṣẹ́ tí gbogbo wa fi mọ̀ ọ́n, iṣẹ́ ìtumọ̀. Ó ti tẹ ìwé ọ̀rọ̀ Yorùbá jáde ní ọdún 1843. Èyí tí ó tún ṣe ní ọdún 1852 kún fún òwe. Ó sọ fúnra rẹ̀ pé bí òun bá ń wá ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ kan, ó máa ń gbé òun lọ sínú àṣà àti ìtàn àwọn ènìyàn. A kò lè rí òwe kó jọ bí a kò bá jókòó ti àgbà, bí a kò bá ní sùúrù kí ọ̀rọ̀ tó bọ́ lẹ́nu wọn fúnra rẹ̀. Gbígbọ́ ni iṣẹ́ náà. Ìwé tí Pọ́ọ̀lù kọ sí àwọn ará Róòmù sì wà lára àwọn apá Bíbélì tí ó kọ́kọ́ tẹ̀ jáde ní Yorùbá, ní ọdún 1850. Nínú ìwé yẹn ni Pọ́ọ̀lù ti sọ pé nípa gbígbọ́ ni ìgbàgbọ́ ti ń wá. Ẹni tí ó ń túmọ̀ rẹ̀ ti rí i nínú ilé ara rẹ̀ kí ó tó kọ ọ́ sílẹ̀.

Ẹ tún wo ọ̀rọ̀ náà, ìfẹ́. Nínú èdè wa, a fẹ́ omi, a fẹ́ owó, a fẹ́ ìyàwó. Ọ̀rọ̀ kan náà ni a ń lò. Ọ̀rọ̀ tí ó ń ṣiṣẹ́ níbi gbogbo báyìí kò lè ṣàlàyé ara rẹ̀ fún ẹni tí ó bá ń gbọ́ ọ fún ìgbà àkọ́kọ́ nínú ìwé mímọ́. Bí a bá kà á fún ará ọjà pé ìfẹ́ a máa mú sùúrù, pé kì í wá ohun ti ara rẹ̀, yóò béèrè pé irú ìfẹ́ wo ni èyí. Ojú ni yóò fi rí ìdáhùn, bí ó bá rí i nínú bí ẹni tí ń ka ìwé náà ṣe ń bá ìyàwó rẹ̀ sọ̀rọ̀, bí ó ṣe ń san owó alágbàṣe, bí ó ṣe ń gba àlejò. Ọdún 1884 ni gbogbo Bíbélì tó parí ní Yorùbá, lẹ́yìn iṣẹ́ Crowther àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀, irú Thomas King. Ṣùgbọ́n ìtumọ̀ ọ̀rọ̀ ìfẹ́ kò tíì parí, nítorí ọwọ́ onígbàgbọ́ kọ̀ọ̀kan ni ó kù sí.

Ìtàn yìí kan ilẹ̀ tiwa náà. Ní ọdún 1853 Crowther wá sí Kétu, Alákétu Adébíà sì gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. Lẹ́yìn rẹ̀ ni a rán James Barber wá gẹ́gẹ́ bí olùkọ́. Iṣẹ́ náà kò pẹ́ tó bí a ti rò, ogun sì wá bo ohun gbogbo mọ́lẹ̀. Ní ọdún 1886 àwọn ọmọ ogun Glele, ọba Dàhòmì, pa Kétu run, wọ́n sì kó àwọn ará ìlú lọ sí Àgbómẹ̀. Nígbà tí àwọn Faransé ṣẹ́gun Dàhòmì ni àwọn tí ó ṣẹ́kù tó padà wálé láti tún ìlú wọn kọ́. Bí ogun ti ya Àfàlà àti ọmọ rẹ̀ ní Òṣogùn, bẹ́ẹ̀ ni ó ya ọ̀pọ̀ ìyá àti ọmọ ní Kétu.

Láti inú ìlú tí a tún kọ́ yìí ni Thomas Mouléro ti wá. Ní ọdún 1928 ọmọ Kétu yìí di ẹni àkọ́kọ́ nínú àwọn ọmọ Dàhòmì tí a fi jẹ àlùfáà Kátólíìkì. Ìjọ tirẹ̀ yàtọ̀ sí ti Crowther, ṣùgbọ́n ọ̀nà kan náà ni wọ́n tọ̀. Mouléro kò rò pé ẹni tí ó bá di àlùfáà gbọ́dọ̀ di etí sí ẹnu àwọn baba rẹ̀. Ó kọ ìtàn Kétu sínú La Reconnaissance africaine, ìwé ìròyìn tí àlùfáà Francis Aupiais dá sílẹ̀ ní ọdún 1925. Ó kọ ìtàn Ṣábẹ̀ẹ́. Ó kọ nípa Gẹ̀lẹ̀dẹ́, ìbọ̀wọ̀ tí a ń fún àwọn ìyá wa. Ẹni tí ó fẹ́ràn Ọlọ́run rẹ̀ ni ó tún fẹ́ràn àwọn ènìyàn rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí ó fi gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn dé òpin.

Kí ẹnikẹ́ni má ṣe rò pé ìfẹ́ tí a ń sọ yìí jẹ́ ti ẹni tí a ń tẹ̀ mọ́lẹ̀ tí kò lè sọ̀rọ̀. Ọdún 1864 ni a fi Crowther jẹ bíṣọ́ọ̀bù ní Canterbury, a sì fi iṣẹ́ ìjọ lẹ́bàá odò Ọya lé e lọ́wọ́. Ní ọdún 1890, nígbà tí ó ti lé ní ẹni 80 ọdún, àwọn ọ̀dọ́ òyìnbó tí a rán wá síbẹ̀ jókòó ní Oníṣà, wọ́n sì dá àwọn òṣìṣẹ́ rẹ̀ tí wọ́n jẹ́ ọmọ Áfíríkà dúró lójú rẹ̀. Ó jẹ́ ìwọ̀sí tí a kò lè fi ọ̀rọ̀ dídùn bò. Bíṣọ́ọ̀bù náà kò dákẹ́: ó fi ìgbìmọ̀ náà sílẹ̀. Ṣùgbọ́n kò fi ìgbàgbọ́ rẹ̀ sílẹ̀, kò sì fi àwọn ènìyàn rẹ̀ sílẹ̀. Ó bá wọn gbèrò bí àwọn ìjọ etí òkun yóò ṣe máa ṣàkóso ara wọn. Ó kú ní Èkó ní ọjọ́ 31, oṣù Kejìlá, ọdún 1891. Ní ọdún tí ó tẹ̀ lé e, ọmọ rẹ̀ Dandeson bá wọn gbé ètò náà dìde. Sùúrù tí a ti ń kọ́ láti ọjọ́ iṣẹ́ gbẹ́nàgbẹ́nà ní Sàró ni ó dúró tì í ní ọjọ́ ìdánwò. A kì í wá irú sùúrù bẹ́ẹ̀ ní ọjọ́ tí ìjà bá dé. Ó ní láti ti wà nílé.

Ìtàn ni iṣẹ́ àwa tí a kọ èyí, ìwàásù kọ́. Láàárín wa ni Mẹ́tọ́díìsì wà, Kátólíìkì wà, Mùsùlùmí wà, àwọn tí ń tọ́jú òrìṣà ìdílé sì wà. Ohun tí ìtàn Àfàlà fi hàn wá kò nílò kí ẹnikẹ́ni yí ẹ̀sìn rẹ̀ padà kí ó tó kà á. Ó fi hàn wá pé ìgbàgbọ́ tí kò bá gbọ́ ọ̀rọ̀ ilé kì í pẹ́ nílé. Àwọn àgbà ti sọ ọ́ ní kúkúrú: ìwà lẹ̀sìn.

Nítorí náà, ẹ̀yin akẹ́kọ̀ọ́ tí ẹ ń fi èdè Faransé kàwé láti òwúrọ̀ títí di ìrọ̀lẹ́, a ní ọ̀rọ̀ kan fún yín. Nígbà tí ẹ bá délé ní ìsinmi yìí, ẹ jókòó ti ìyá yín, tàbí ìyá àgbà bí ó bá ṣì wà. Ẹ jẹ́ kí ó pè yín ní oríkì tí ó fi ń gẹ̀ yín nígbà èwe. Ẹ béèrè ẹni tí ó kọ́kọ́ fi pè yín. Ẹ kọ ọ́ sílẹ̀ bí ó bá ti jáde lẹ́nu rẹ̀ gan-an. Ọkùnrin tí ó fún wa ní Bíbélì Yorùbá gbọ́ tirẹ̀ lẹ́nu ìyá rẹ̀ ní Abẹ́òkúta, ó sì kọ ọ́ sínú ìwé. Nítorí pé ó kọ ọ́ ni àwa fi mọ̀ lónìí pé ó sunkún, pé ọwọ́ wọn wà nínú ara wọn, àti pé ẹnu ìyá ni ó kọ́kọ́ sọ̀rọ̀.